Ìhà Tí Wọ́n Kan Wáyà Sí

Ọkùnrin kan wà tí oko rẹ̀ wà létí odò, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí ó sì rọ̀. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn síbẹ̀, ó sì gbin àgbàdo mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta léraléra ni kò rí ìkórè gidi. Túùkú wá láti inú igbó, ó fi imú tú ebè. Ewúrẹ́ ará àdúgbò wá, wọ́n jẹ ewé. Ẹni tí a kò mọ̀ náà wá, ó wa ẹ̀gẹ́, ó sì rọra da erùpẹ̀ padà sójú ihò bí ẹni tó sin òkú. Nígbà tó di ọdún kẹrin, olóko yìí kì í gbé ojú sókè mọ́ bó bá dé oko. Ilẹ̀ ló máa ń wò. Bí èèyàn bá kí i, á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ onítọ̀hún ná kó tó dáhùn.

Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ń dá oko ẹ̀fọ́ ní ìsàlẹ̀ oko náà, lẹ́bàá omi. Ewúrẹ́ obìnrin yìí ti jẹ àgbàdo olóko rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ bẹ̀bẹ̀, ó sì ta ewúrẹ́ náà kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Olóko ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kò gbàgbé.

Ó pinnu láti sọgbà yí oko náà ká. Ó ránṣẹ́ pe asọgbà kan tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ ní gbogbo agbègbè. Asọgbà yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Igi ayìn ló fi ṣe òpó. Ó bó èèpo wọn, ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún oṣù mẹ́rin, ó fi iná jó ìdí wọn títí tó fi dúdú, ó sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó kùn ún kí ikán lè wá oúnjẹ lọ síbòmíràn. Ihò tó gbẹ́ mu èèyàn dé itan. Ó ki òpó bọ̀ ọ́, ó kó òkúta sí i, ó gún un mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán. Àwọn òpó igun ló tóbi jù, nítorí igun ni gbogbo wáyà ń fà, ó sì fi igi méjì-méjì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèyàn mẹ́ta kọ lu òpó kan láti dán an wò. Òpó kò mọ̀ pé wọ́n wá.

Nígbà tí òpó dúró tán, asọgbà mú òòlù dání, ṣùgbọ́n kò tíì kan nǹkan kan. Ó béèrè lọ́wọ́ olóko ibo ni agbára yóò ti máa wá.

Ìbéèrè náà kò yé olóko, asọgbà sì ṣàlàyé. Ó ní ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń há wáyà mọ́ òpó. Bí ẹran bá fi ara ti wáyà láti ìhà tí wọ́n kàn án sí, wáyà á fara ti òpó, òpó ni yóò sì gba ẹrù náà. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá tì í láti ìhà kejì, ìṣó nìkan ló kù tó ń dì í mú, ìṣó kò sì lè gbé màlúù. Torí náà, ìhà tí ewu ti ń bọ̀ ni wọ́n ń kan wáyà sí.

Olóko rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí igbó, ó nawọ́ sí ọ̀nà, ó nawọ́ sí oko ẹ̀fọ́.

"Òde ni kó o kàn án sí," ó ní. "Kí ló wà nínú ọgbà tó lè ṣe mí ní nǹkan? Tèmi ni gbogbo ohun tó wà nínú."

Asọgbà kàn án sí òde, ìlà wáyà ẹlẹ́gùn-ún márùn-ún, ó sì ta gbogbo rẹ̀ le dáadáa.

Àwọn èèyàn wá wo ọgbà náà bí wọ́n ṣe ń wá wo ọmọ tuntun. Àbúrò olóko, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló máa ń mú wọn káàkiri. Ìyá wọn fi àbúrò yìí lé olóko lọ́wọ́ kó tó kú, òun nìkan sì ni olóko ní láyé tó lè pè ní tirẹ̀. Àbúrò náà ti lé ní ogójì ọdún, àwàdà kò sì fi í sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní lọ́jọ́ kan, "mo rí túùkú kan láàárọ̀ yìí. Ó dúró níwájú ọgbà yín, ó ṣe gáfárà, ó sì yà lọ."

Ọdún méjì kọjá. Ohun kan kò wọlé. Olóko kórè, ara tù ú díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú sókè.

Ní ọdún kẹta, ó pa iṣẹ́ oko dà. Ó wa ẹ̀gẹ́ kúrò, ó sì kó akọ màlúù mọ́kànlá sínú ọgbà náà láti bọ́ wọn sanra de Iléyá. Asọgbà ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ kan, ó yà láti mu omi, ó sì rí wọn. Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ ti kó nǹkan mìíràn sínú ọgbà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wá yí wáyà yìí sí inú. Ọjọ́ mẹ́ta ni."

Olóko ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù. Oko òun á wà ní ìhòòhò, ẹlẹ́fọ̀ọ́ á rí gbogbo ohun tóun ní, gbogbo ayé á rí i. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ òun ni àwọn màlúù náà ti ń jẹun. Wọ́n mọ òun.

"Wọ́n mọ̀ yín," asọgbà ní. "Wáyà ni wọn ò mọ̀."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dá ife padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Kànga inú ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, koríko tán, àwọn màlúù sì ń dúró sétí wáyà láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n ń wo ẹ̀fọ́ tó ń tutù yọ̀yọ̀ ní ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, olóko rí ìṣó méjì nílẹ̀. Òde ọgbà ni wọ́n bọ́ sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà wọ́n, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lọ́nà burúkú kan, bí ọkàn ẹni tó ti ń retí ìròyìn ikú, tí ìròyìn náà sì wá dé. Olè ti dé. Wọ́n ti ń yọ ìṣó òun láti òde.

Ó ń ṣà wọ́n lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n kún agolo mílíìkì, ó gbé agolo náà lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀, ó dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì dárúkọ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Wọ́n pe obìnrin náà.

"Baba, kí ni mo fẹ́ fi ìṣó ṣe?" ó bi Baálẹ̀. "Ṣé ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ fi sè?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kò rí ẹ̀rí kankan dì mú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí olóko bínú lọ. Ó ní kí obìnrin náà má gba ọ̀nà ẹ̀bá ọgbà mọ́. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ru ẹ̀fọ́ rẹ̀ yí òkè po kó tó dé ilé.

Ìṣó kò yé bọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti ronú. Olóko náà ronú: ó ní ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń rán èèyàn.

Ó ń kan àwọn ìṣó náà padà sínú ihò tí wọ́n ti yọ, ihò náà sì ń fẹjú sí i. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a di agolo mú. Ó na ìka sí ẹ̀gún wáyà.

"Bọ̀ọ̀dá, olè yìí nírun lára o. Irun pupa. Ẹ jẹ́ ká lọ wo orí gbogbo ará ìlú."

Olóko ní kó dákẹ́ àwàdà. Ẹni tó máa ń ṣàwàdà ní gbogbo ìgbà ni, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ inú àwàdà rẹ̀ wò.

Olóko wá rò ó pé ọ̀sán gangan ni àwọn olè náà ń wá, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó mú àga pákó kan lọ sí òde ọgbà, ó gbé e sábẹ́ igi kan tó ṣíji bo wáyà.

"Àkàngbé," ó sọ fún àbúrò rẹ̀, "ibí ni kó o máa jókòó sí. Ọ̀nà ni kó o máa wò. Má wẹ̀yìn, ẹni tó bá wẹ̀yìn lolè ń kọjá lójú ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ pé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló wá ńkọ́?"

"Mú un."

"Màá kọ́kọ́ kí wọn o. Wọ́n jù mí lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀. Òpó ló fẹ̀yìn tì, ọ̀nà ló ń wò, àwọn màlúù sì ń mí sí i lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹrin, kànga gbẹ. Olóko lọ bẹ ọkọ̀ elómi lọ́wẹ̀ lábúlé kejì. Oòrùn ń jó. Nísàlẹ̀, ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń fi igbá bu omi odò wọ́n ẹ̀fọ́ rẹ̀. Àwọn màlúù gbọ́ ìró omi náà, wọ́n sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Gbogbo wọn fi àyà ti wáyà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣó ń ta bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná. Òpó kankan kò mì. Láti òpó dé òpó, wáyà ṣí kúrò bí èèpo. Ọkùnrin tó jókòó sórí àga pákó kọ ẹ̀yìn sí wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe. Wáyà mú un lulẹ̀, màlúù mọ́kànlá sì gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí odò.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ní kó má gbà mọ́ ló gbà wá. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi dí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ó sì gbé orí ọkùnrin náà lé itan. Ibẹ̀ ni olóko bá wọn nígbà tó dé. Àbúrò rẹ̀ ṣì ń mí. Ó la ojú, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tó rán an.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "n ò rí ẹnì kankan."

Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ọkọ̀ tí ìbá gbé e lọ sílé ìwòsàn dé, wọ́n fi gbé e lọ sílé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, olóko padà lọ síbi ọgbà náà. Ó rìn ín yípo. Gbogbo òpó dúró gbọn-in. Ìṣó fọ́n ká sílẹ̀ ní òde, irun pupa sì wà lára wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Asọgbà wá lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i, ó sì yí wáyà náà sí inú. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Kò sí màlúù nínú ọgbà mọ́.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe tìtorí màlúù ni mo ṣe pa àkàwé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ti wá bá mi lọ́dún yìí nípa àwọn tó ń dọdẹ rẹ. O ti mọ ògiri ga, o ti ra ajá, o ti pààrọ̀ ọ̀rẹ́. N kò sọ pé kò sí ọ̀tá lóde. Túùkú wà nínú igbó yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà tí ò ń bọ́ nínú ilé rẹ. Ọwọ́ rẹ ló ti ń jẹun, o sì gbà pé nítorí pé tìrẹ ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Ọmọ rẹ ọkùnrin kó jáde, o ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yí i lórí. Àbúrò rẹ kò wá mọ́, o ní ìyàwó rẹ̀ ló dí i lọ́nà. Ẹni tó bọ́ sóde, o ní ará òde ló yọ ọ́.

Nísinsìnyí ìyàwó rẹ nìkan ló kù. O ti ní kó máa bá ọ ṣọ́nà, kó máa sọ ẹni tó wá àti ẹni tó lọ fún ọ. Ó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ, ó ń wo òde.

Ìbínú náà kò ní ṣeé mú so lọ́jọ́ kan, mo mọ̀. Á gbà ọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n lọ sílé báyìí. Kó o tó tún nǹkan kan ṣe, kọ́kọ́ ní kí obìnrin náà dìde níbẹ̀.