Ohun tí Ọmọ Odídẹrẹ́ Ń Bẹ̀bẹ̀ Fún

Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi bà lé orí igi, ó bá Ìyá Odídẹrẹ́ níbẹ̀. Ó já sílẹ̀, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo tó ń wá ohun tó máa jẹ.

Ní ìgbà kan rí, ọdẹ kan gbé ọmọ Odídẹrẹ́ nínú ìtẹ́, ó tà á fún òyìnbó létí òkun. Nígbà tí ọmọ sá padà wálé, ó ti rù kan egungun, kò sì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wí: "Lúùkù áfítà mí." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ̀ tọ Ìjàpá lọ, torí Ìjàpá ti máa ń fọ́nnu pé òun gbọ́ èdè òyìnbó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ ni. Ó le díẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀pà wá. Ẹ má sì fún ọmọ lóúnjẹ kí ẹ tó dá a lóhùn o, èèwọ̀ òyìnbó ni."

Ó jẹ ẹ̀pà tán kó tó sọ̀rọ̀. "Lúùkù ni wò. Áfítà ni ẹ̀yìn. Ó ní kí ẹ wo ẹ̀yìn òun."

Ìyá wo ẹ̀yìn ọmọ títí, ìrù pupa nìkan ló rí. Ó tún gbé ẹ̀pà lọ.

"Ó ní ìtumọ̀ mìíràn," ni Ìjàpá wí. "Ó ní kí ẹ máa lé òun."

Ìyá lé ọmọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àfi gbì, ọmọ já bọ́ lulẹ̀. Ìyá fi ìyẹ́ bò ó. Ẹ̀pà kan péré ló kù nílé.

"Èèwọ̀ tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀," ló wí. "Ọmọ mi ò ní kú lójú mi."

Ó rún ẹ̀pà náà, ó fi ẹnu fún un lẹ́nu. Ọmọ gbé e mì, ó gbórí lé àyà ìyá rẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ìyá bú sẹ́kún. "Áà, kí n tọ́jú rẹ lo ń wí láti ọjọ́ yìí."

Àṣà àwọn ẹyẹ ni pé ẹni tó bá jẹ oúnjẹ aláìsàn, òun ni yóò jókòó tì í. Wọ́n kó ẹ̀pà jọ, wọ́n sì fa Ìjàpá wá sábẹ́ igi pé kó máa pa á fún ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ àwáwí, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ló dá a lẹ́kun: "Pa ẹ̀pà, olówó orí mi. Ìwọ lo jẹ ẹ́."

Ìjàpá ń pa ẹ̀pà láti òwúrọ̀ dalẹ́, inú òun fúnra rẹ̀ ń kùn. Ọmọ gbọ́ ọ. Ó rún ẹ̀pà kan, ó nà án sí Ìjàpá lẹ́nu, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe fún un.

Ìjàpá kò lè gbé e mì. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin èèyàn mi: ẹni tí kò mọ̀ tó wá bi yín léèrè, ẹ má fi àìmọ̀ rẹ̀ jẹun. Ẹnu ọmọ kan lẹ ti ń já oúnjẹ náà gbà.