Òrùlé Tí Búráímọ̀ Mọ fún Ọlọ́wà

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Búráímọ̀ nígbà tó bá àwọn oníṣòwò obì kúrò ní Ìlọ́wà lọ sí ilẹ̀ Hausa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun kó tó padà wálé. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti kó iyọ̀ àti ẹṣin bọ̀ tipẹ́. Ní tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Àsímáwù, ọmọbìnrin wọn Súwébátù, àti pákó ìrẹ́lé kan ló mú bọ̀. Iṣẹ́ ló lọ kọ́. Ó ti bá àwọn ọ̀gá mọlémọlé mọ mọ́sálásí ńláńlá, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ ṣe òrùlé tí kò nílò koríko rárá, tó rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé.

Àwọn mùsùlùmí Ìlọ́wà kò pọ̀ nígbà náà. Abẹ́ igi odán ni wọ́n ti ń kírun. Búráímọ̀ mọ mọ́sálásí kékeré kan fún wọn lẹ́bàá ọjà. Ó tẹ orí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ó sì fín ìràwọ̀ àti okùn tó lọ́ mọ́ra wọn sára ògiri, débi pé ẹni tó bá ń wò ó kò ní mọ ibi tí okùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú wo òrùlé tí kò ní koríko lórí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ilé náà ní Ilé Apárí. Wọ́n ní bí òjò bá dé, inú ẹrẹ̀ ni àwọn yóò ti wá kó àwọn tó ń kírun. Òjò rọ̀, ó dá, ilé kò mira. Ẹ̀rín dín kù, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò.

Ìgbà ọyẹ́ ni iná sọ ní ilé ìdáná ààfin. Koríko bẹẹrẹ gbígbẹ ni wọ́n fi bo gbogbo ilé ọba, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gan-an. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ààfin jó tán, iná sì fò dé ọjà. Ó lá ògiri mọ́sálásí náà, kò rí nǹkan jẹ, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ilé Apárí nìkan ló dúró láàárín eérú.

Ọlọ́wà, ọba ìlú náà, ránṣẹ́ pe Búráímọ̀.

“Ṣé o lè gbé irú òrùlé yẹn lé gbọ̀ngàn tí mo ti ń gbàlejò?”

Búráímọ̀ dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, n kò ní purọ́ fún yín. Ti mọ́sálásí kéré. Ọ̀gá mi ni mo bá ṣe irú èyí tó fẹ̀ tó gbọ̀ngàn yín. N kò tíì dá a ṣe rí.”

Olóyè Ọ̀dọ̀fin, tí ìtọ́jú ààfin wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dùn sí i. “Kábíyèsí, ilé àwọn baba yín lẹ fẹ́ fá lórí yìí.”

“Ó jó lójú baba mi,” ni ọba dá a lóhùn, “ó jó lójú mi. Kò gbọdọ̀ jó lójú ọmọ mi. Búráímọ̀, dìde, lọ bẹ̀rẹ̀.”

Ó gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó dé. Àsímáwù kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń po amọ̀ mọ́ koríko wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fi omi èèpo èso igi irú dán ògiri títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Àwọn ọkùnrin la igi agbọn, ọ̀pẹ líle kan tí ikán kì í jẹ, Búráímọ̀ sì tò wọ́n bí egungun ìhà kó tó fi amọ̀ bò wọ́n. Àwọn agbẹ́gilére ààfin gbẹ́ òpó tuntun bíi ti àtijọ́, pẹ̀lú jagunjagun lórí ẹṣin. Lèmọ́mù mọ́sálásí bi Búráímọ̀ léèrè bí yóò ṣe jẹ́ kí òpó tó ní ère lára bẹ́ẹ̀ dúró nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn agbẹ́gilére ló ni igi, òun ló ni ògiri. Ó sì fín ìràwọ̀ rẹ̀ yí òpó wọn ká.

Ọjọ́ tí wọn yóò yọ àwọn igi tí wọ́n fi gbé òrùlé ró títí amọ̀ fi gbẹ, gbogbo ìlú pé síta. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wọlé. Ọ̀dọ̀fin ní, “Ta ni yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí ọba wa tó jókòó?”

Búráímọ̀ mú ẹní rẹ̀, ó wọlé, ó tẹ́ ẹ sí àárín gbọ̀ngàn. Ó jókòó. Nígbà tó gbójú sókè, Àsímáwù ti jókòó tì í.

“Ìyá Súwébátù, jáde.”

“Bàbá Súwébátù, ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n, èmi ni mo po amọ̀ rẹ̀. Tí yóò bá wó, kò ní wó lé ẹnìkan ṣoṣo lórí.”

Wọ́n yọ igi àkọ́kọ́. Erùpẹ̀ díẹ̀ dà sí wọn léjìká. Wọ́n yọ èkejì, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ tán. Òrùlé náà dúró gbọn-in, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé láti àwọn ihò kéékèèké òkè rẹ̀, ó tàn sórí wọn. Ọ̀dọ̀fin ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà tó wọlé tọ̀ wọ́n.

Kò pẹ́ tí àwọn ìránṣẹ́ Onígbórò, ọba ìlú kejì, fi dé. Ẹ̀sín ni wọ́n gbé wá ní orúkọ ìbánikẹ́dùn: ìdì bẹẹrẹ rẹpẹtẹ. Olórí wọn ní, “Ọba wa gbọ́ pé abẹ́ igi ni Ọlọ́wà ń sùn.”

Ọ̀dọ̀fin kò bá wọn jiyàn. Ó mú wọn wọ gbọ̀ngàn. Olórí ìránṣẹ́ wo òpó, ó wo ìràwọ̀ ara ògiri, ó gbójú sókè títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Bó ti ń he é, ó ní, “Àlejò wo ló bá yín ṣe èyí?”

“Kì í ṣe àlejò,” ni Ọ̀dọ̀fin wí. “Ọmọ wa ni. Inú ìlú yìí la bí i sí.”

Búráímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ ọ.

Àwọn ìránṣẹ́ fi bẹẹrẹ wọn fún àwọn ẹṣin ààfin jẹ, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Nígbà tí Onígbórò bi olórí wọn léèrè bí òfò náà ṣe tó, gbólóhùn kan péré ló rí sọ, gbólóhùn náà sì tàn láti ìlú dé ìlú. Òun ni àwọn àgbà gbé sórí ahọ́n, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.