Ibi Tí Ọkọ̀ Onílé Ti Ń Jò

Jíjò tí a mọ̀ kì í ba ẹní jẹ́. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ilé tó jò, ta ló sì ni ẹní? Ẹlòmíràn yóò rò pé ilé alámọ̀ kan ní ayé àtijọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí òwe yìí ti ṣẹ̀ ní táyà mẹ́fà, epo dísù ló sì ń mu.

Ní Òkè-Ògùn, nígbà tí fóòmù kò tíì wọ́pọ̀, tó jẹ́ pé òwú àràbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn lé, tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń rán bẹ́ẹ̀dì láti ìlú dé ìlú. Ṣẹ̀gílọlá ni ìyàwó ń jẹ́, Oyèlàmí ni ọkọ. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń gbé píkọ́ọ̀pù kékeré wọn lọ, èyí tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn. Àwọn tó ń rán ohun tí aráyé ń sùn lé, orí ẹní ni àwọn fúnra wọn ń sùn, láàárín àpò òwú.

Ṣẹ̀gílọlá kò gbàgbé ọ̀kankan nínú ìyà tí píkọ́ọ̀pù náà fi jẹ wọ́n. Ó rántí Tede, níbi tí ìjì ti ṣí tapólì kúrò bí ẹni ṣí gèlè lórí obìnrin, tí òjò sì rọ̀ sórí òwú wọn. Ó rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni, pé ẹ̀kọ tútù ni wọ́n jẹ, pé òwú náà kọ́kọ́ wú, ó tún dì gbagidi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Inú igbó ni wọ́n dà á sí. Òwú àràbà tí omi bá ti wọ̀, kò sí oòrùn tó lè tún un ṣe. Bó tilẹ̀ gbẹ, òórùn yẹn kì í lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwé kan ní Kìṣí ní kí wọ́n wá rán ogójì bẹ́ẹ̀dì fún ibùgbé àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n sì parí rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé. Àárín òjò ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Bí òwú yìí bá tún tutù, kò sí ẹni tí yóò pè wọ́n níṣẹ́ mọ́. Oyèlàmí yóò padà sí oko bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ kọ́, tí wọ́n sì jọ fẹ́ràn, yóò sì parí síbẹ̀. Wọ́n wá pinnu pé àwọn yóò ta píkọ́ọ̀pù, àwọn yóò fi gbogbo ohun tí àwọn ní kún un, àwọn yóò sì ra ọkọ̀ onílé, ọkọ̀ tó ní yàrá, fèrèsé àti ibi ìdáná lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn tó ń wọn ọ̀nà máa ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé méjì wà fún títà ní Ìṣẹ́yìn.

Èkíní wà lọ́wọ́ alágbàtà ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Táyélolú. Ọkọ̀ náà kò tíì pẹ́ láyé, bẹntiróòlù ló ń lò. Ọ̀dà funfun rẹ̀ ń dán, kọ́tìnnì pupa wà lójú fèrèsé rẹ̀. Oyèlàmí jókòó sídìí ọkọ̀ náà, kò sì fẹ́ dìde mọ́.

“Ọ̀gá, ṣé kì í jò?” ni Ṣẹ̀gílọlá béèrè.

Táyélolú rẹ́rìn-ín. “Ìyá wa, ọkọ̀ yìí? Kí ni yóò máa jò lára rẹ̀? Ẹ wo òkè rẹ̀, ó ń dán ju orí mi lọ.”

Orí rẹ̀ sì ń dán lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ṣẹ̀gílọlá ṣe máa ń ṣe bí oníbàárà bá gbé bẹ́ẹ̀dì wá fún àtúnṣe. Kì í wo aṣọ ara rẹ̀, nítorí aṣọ tuntun lè bo òwú jíjẹrà. Yóò tú ojú rírán díẹ̀, yóò ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá, yóò fọwọ́ ra òwú tó wà nísàlẹ̀, yóò sì gbọ́ òórùn ọwọ́ náà. Ohun tó ṣe nínú ọkọ̀ Táyélolú nìyẹn. Ó rí ibi tí pákó ara ògiri ti là díẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sí imú. Òórùn òwú Tede ló gbọ́. Ó lọ sí apá kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Tede náà ni.

“Bó bá ti jò rí, ẹ kúkú fi ibẹ̀ hàn mí,” ó rọra sọ. “A lè fara dà á.”

“Ìyá wa, mo ní kì í jò. Àbí kí n búra ni?”

“Rárá o, ẹ má búra.”

Ọkọ̀ kejì wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá Bádírù, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ti ń wà á fún àwọn tó ń wọn ọ̀nà, ọwọ́ wọn náà ló sì ti rà á nígbà tí wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ náà ti gbó. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, dígí kan ti sán, ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ sì wúkọ́ bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun kí ohùn rẹ̀ tó dúró sójú kan.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù rẹ̀,” ni Bàbá Bádírù wí, “kí ẹ má baà máa ṣépè fún mi lójú ọ̀nà. Kì í sáré. Ẹni tó bá ń kánjú kó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa ní sùúrù fún un láàárọ̀. Ilẹ̀kùn yìí, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ó sì ń jò.”

“Níbo, Bàbá?”

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí igun òkè, lẹ́yìn ibi ìdáná. “Ibẹ̀ yẹn nìkan. Mo fi ọ̀dà dí i, mo kan páànù mọ́ ọn, ó ń padà wá bí ewúrẹ́ tó mọ ibi tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sí. Mo wá gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ni àlàáfíà bá dé.”

Ṣẹ̀gílọlá ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn pákó igun náà. Ó tutù, ó sì ń rùn. Ó lọ sí ìdí fèrèsé, sí ẹ̀yìn ibùsùn, sí abẹ́ ìjókòó. Eruku àti epo dísù nìkan ló gbọ́ òórùn wọn níbẹ̀.

Oyèlàmí fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi oríkì pè é. “Àyọ̀ká, ṣé ara rẹ yá? Ẹnì kan ní tòun kì í jò. Ẹnì kan fi ọ̀pá júwe ibi tí tirẹ̀ ti ń jò. Èyí tó ń jò lo fẹ́ kí á kó òwú sí?”

“Olówó orí mi, àwọn méjèèjì ló ń jò. Nínú ti ọ̀hún, ibo lẹ fẹ́ tẹ́ ẹní yín sí?”

Oyèlàmí bojú wẹ̀yìn wo igun tí Bàbá Bádírù fi ọ̀pá júwe.

“Nínú èyí, mo mọ ibi tí n kò ní tẹ́ ẹ sí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Jíjò tí a mọ̀ kì í ba ẹní jẹ́.”

Bàbá Bádírù, tó ti ń díbọ́n pé òun kò gbọ́ wọn, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n rà á. N kò ní sọ pé ọkàn Ṣẹ̀gílọlá balẹ̀, nítorí kò balẹ̀. Bí wọ́n ti ń gun òkè lọ sí Kìṣí, tí gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kọjá wọn lọ, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun kò ti fi agídí ta iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n dísù náà ń fa ẹrù rẹ̀ lọ, kò dúró, kò sì gbóná.

Wọn kò tíì rán bẹ́ẹ̀dì dé ìdajì nígbà tí òjò dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìjì tó wó ẹ̀ka igi sí ọgbà ilé ìwé náà. Wọ́n kó òwú wọlé, wọ́n tò ó jìnnà sí ẹ̀yìn ibi ìdáná, wọ́n gbé abọ́ tánganran sí igun náà, wọ́n sì tẹ́ ẹní wọn sí òdìkejì. Òjò náà rọ̀ mọ́jú. Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ṣẹ̀gílọlá tú àpò òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó sì gbé ọwọ́ sí imú. Nígbà tó kan àpò ìkẹyìn, ó jókòó lé e, ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ ló gbẹ.

Oyèlàmí gbé abọ́ tó ti kún, ó fi omi inú rẹ̀ bọ́jú. “Ọkọ̀ yìí mọ ẹ̀tọ́,” ó ní. “Ó tilẹ̀ pọnmi fún wa.”

Nígbà tí ìyá tó ń tọ́jú ibùgbé àwọn ọmọbìnrin sáré wá béèrè bóyá òwú ti bàjẹ́, Oyèlàmí ló dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: “Ìyá, jíjò tí a mọ̀ kì í ba ẹní jẹ́.” Ìyàwó rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀. Ìyá náà mú ọ̀rọ̀ yìí lò fún àwọn ọmọ tó wá sùn lórí ogójì bẹ́ẹ̀dì náà, àwọn ọmọ sì gbé e lọ sí ìlú wọn nígbà ìsinmi.

Nítorí náà, bí a bá ń yan aya, ọkọ, alájọṣe tàbí ohun ìlò, tí a sì fẹ́ kọ ẹni tó jẹ́wọ́ àléébù rẹ̀ fún wa, ìgbà náà ni àgbà máa ń pa òwe yìí. Wọ́n ń sọ fún wa pé àléébù tí wọ́n fi hàn wá, a lè gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí á sì tẹ́ ẹní wa síbòmíràn, kí á sùn dáadáa. Ẹni tó ní òun kì í jò rárá ni kí á ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn pákó rẹ̀ wò.