Igba Ìkòkò Ó Dín Kan

Ó pẹ́ tí Baálẹ̀ Agódó, olórí abúlé onígba ilé, ti ń wá bí òun yóò ṣe gba kòtò amọ̀ mọ́ Àwẹ̀ró amọ̀kòkò lọ́wọ́. Ó ní kí Àwẹ̀ró mọ igba ìkòkò. Nígbà tí ọ̀kan là nínú iná, Baálẹ̀ ní, "Tò wọ́n ní ìlà-ìlà sínú ìlú kí oòrùn tó wọ̀. Ìlà kan kò gbọdọ̀ ju èkejì lọ, ìkòkò kankan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù, n kò sì fẹ́ ìlà kan gbọọrọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòtò di tèmi." Àwẹ̀ró tò wọ́n ní méjìméjì, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ó tò wọ́n ní mẹ́tamẹ́ta, ọ̀kan náà ló tún ṣẹ́ kù. Ní méjeméje, mẹ́ta dá dúró. Láníhùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a kà á títí, kò mọ iye tí òun ń kà mọ́. Ó ní, "Ṣé iye yìí kò ní ẹbí ni?" Àwẹ̀ró gbé ìkòkò kan, ó lọ gbé e ka ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó padà wá gbé òmíràn fún ilé kejì. Nígbà tí Baálẹ̀ dé, ó bèèrè pé, "Ìlà dà?" Àwẹ̀ró ní, "Ìkòkò kan, ìlà kan, Bàbá. Kò sí èyí tó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ." Baálẹ̀ ń kà á láti ilé dé ilé, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀. "Tèmi ńkọ́?" Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, igba ó dín kan ni. Ilé yín ni ọ̀kan tó dín."