Ikán, Alántakùn àti Ilé Ìyá Oyèékànmí

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Ṣé ẹ̀kọ lẹ jẹ lálẹ́ yìí ni àbí oorun lẹ jẹ?

— Ààlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́ yín wàyí. Móńjọlá, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí ẹní mi. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó kọjá ilé ọba, kò yà. Ó kọjá ilé ìjòyè, kò yà. Ó wá jókòó ti ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran, àti ọmọ rẹ̀, àti Ikán, àti Alántakùn.

"Ìjàpá ńkọ́, Ìyá?"

Ìjàpá ti ní ilé tiẹ̀ lẹ́yìn. Kí ló fẹ́ wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wá ilé? Ẹ jẹ́ kó sùn jàre.

Ní ìgbà kan rí, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Oyèékànmí. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ojú Àwẹ̀ró ti fọ́ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má káàánú rẹ̀ o! Nínú ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fà á lọ́wọ́. Ó mọ ibi tí àmù wà, ó mọ ibi tí ààrò wà. Ó ń dáná fúnra rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ewúrẹ́ bá sì yọ́ wọlé, á ju igi ìdáná lù ú, kì í tàsé.

"Ìyá, ẹni tójú ẹ̀ fọ́ ló ń ju igi tí kì í tàsé?"

Ewúrẹ́ ò mọ̀ pé ojú ẹ̀ fọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ pa àlọ́ ọ̀hún ni?

Ní ọdún kan, ìjì dé. Ó ṣí òrùlé, ó wó ògiri, ó sọ ilé Àwẹ̀ró di òkìtì. Orí ló kó ìyá náà yọ. Oyèékànmí pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò wọn kan.

Ilé onílé ni. Bí Àwẹ̀ró bá dìde, á kọsẹ̀. Bó bá nawọ́, á fọ́ àwo onílé. Bó bá fẹ́ yà sẹ́yìn ilé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fà á lọ, kí onítọ̀hún sì dúró dè é. Ó wá di ẹni tó ń jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnu tó máa ń dá àpárá kò dá àpárá mọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á bu òkèlè méjì, á ní òun ti yó.

Oyèékànmí wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Háà! Ìyá mi ń tán lọ lójú mi. Bí n kò bá tètè kọ́lé fún un, mo máa pàdánù rẹ̀."

Ó wá kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò kọ́ ilé. Àwọn méjì ló wá.

Ikán ló kọ́kọ́ dé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò lóǹkà, amọ̀ ní ẹnu gbogbo wọn. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Yàrá mélòó?"

Oyèékànmí ní, "Mo fẹ́ kó tóbi. Ìyá mi ti jìyà tó lórí mi."

"Yàrá mẹ́jọ! Ọjọ́ mẹ́jọ! Ẹ ti wọlé!"

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Alántakùn ń bọ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò kánjú. Ó kí wọn, ó jókòó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ló máa gbé inú ẹ̀?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ márùn-ún."

"Kí lo fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún ṣe?"

"Mo fẹ́ máa wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, màá ta òwú sílẹ̀ láti fi ya ilé náà."

Ikán rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Ẹ gbà mí o! Ta ló ń fi wíwò kọ́lé?"

"Ìyá! Bíi ti bàbá wa! Wọ́n fẹ́ kọ́lé, wọn ò tíì mọ̀ bóyá bíríkìlà ni káwọn pè ni àbí ayàwòrán ilé!"

Ṣe ẹnu ẹ ní wẹ́rẹ́. Bàbá ẹ wà nínú yàrá níbẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́ wa. Kó máa gbọ́.

Oyèékànmí gbójú sókè, ó rí i pé òjò ti ń ṣú. Ẹ sì mọ̀ pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ó ní, "Alántakùn, má bínú. Ikán ni n ó gbé iṣẹ́ fún."

Alántakùn ò bá a jà. Ó ní, "Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mi, abẹ́ igi ìyeyè ni mo wà."

Ikán ṣiṣẹ́! Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹni fún ẹni. Ó po amọ̀, ó mọ ọ́n, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún mọ òmíràn lé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ilé yọ, ó ga, ó dán, yàrá mẹ́jọ kọjú síra wọn. Gbogbo Ìdí-Ìyeyè wá kí wọn kú oríire.

Oyèékànmí mú ìyá rẹ̀ wọlé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ ò ní dáná mọ́, ẹ ò ní gbálẹ̀ mọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ nǹkan, ẹ ṣáà pè mí."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àwẹ̀ró nawọ́ sọ́tùn-ún, kò kan ògiri. Ó nawọ́ sósì, kò kan nǹkan kan. Ó jókòó.

Ní ọjọ́ kẹta, Oyèékànmí lọ sóko. Àwẹ̀ró ní kí òun yọ́ jáde lọ yá oòrùn. Ó wọ yàrá kan, ó jáde. Ó wọ òmíràn, ó jáde. Ó rìn, ó rìn, kò rí ẹnu ọ̀nà. Oyèékànmí dé lọ́sàn-án, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀ nínú yàrá kẹfà, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe àwọn aládùúgbò?"

"Mo pè títí. Ilé ọ̀hún ló tóbi, ohùn mi ò jáde."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ìyá rẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Oyèé, ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ilé rẹ dára. Ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tójú mi ti fọ́, inú ilé yìí ni mo ti wá di afọ́jú."

"Ó mà ṣe o, Ìyá!"

Ó ṣe, ẹ̀yin ọmọ mi. Oyèékànmí sunkún. Kò dúró jẹun, abẹ́ igi ìyeyè ló gbà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alántakùn ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá."

Ó jókòó ti Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ìyá, bẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

Àwẹ̀ró yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìyẹn rí. Ó ní, "Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn bà mí lójú. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ bíi méje, mo ti dé ìdí àmù. Mo bomi, mo yà sọ́wọ́ òsì, ó di ìdí ààrò. Oyèé á máa sùn, á máa han-run!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Oyèékànmí gbọ́ ẹ̀rín náà láti ìta, ó gbá àyà mú. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Alántakùn mú Àwẹ̀ró lọ sórí ilẹ̀ gbalasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá náà. Ó ní kó máa rìn bó ti ń rìn nínú ilé rẹ̀ àtijọ́. Ibi tó bá rìn, Alántakùn á ta òwú tẹ̀lé e. Ibi tó bá dúró sí, á so ó mọ́ èèkàn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, tí Alántakùn ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá Oyèé, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká wò,

— Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.

Ibi ẹsẹ̀ yín bá lọ lòwú mi ń lọ,

— Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.

Ẹni tó nilé ló mọ̀nà ilé,

— Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.

Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, n ò kánjú o,

— Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni Ikán gbọ́. Ó fi ìbínú dé. "Kí ló ṣe ilé tí mo kọ́? Ṣé ó wó ni? Ṣé ó jò ni?" Bó ti fẹ́ máa pariwo lọ ló rí Àwẹ̀ró tó ń rìn láàrin òwú, kò sẹ́ni tó fà á lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wọ́n ní kí n ṣe é kíákíá, mo ṣe é kíákíá."

Oyèékànmí ní, "Ìwọ kọ́. Èmi ni n kò bèèrè."

Ikán rìn yí òwú náà ká. Ó wá mi orí. "Alántakùn, ìwọ náà ò ríran tán o. O kọjú ẹnu ọ̀nà sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ibẹ̀ náà ni ìjì ti ń wá. Òwú rẹ ò lè dá òjò dúró. Kí òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì tó rọ̀ tán, ògiri tí a bá mọ síbẹ̀ á ti yọ́."

Alántakùn họ orí. "Bẹ́ẹ̀ ni? N kò mọ̀."

Àwẹ̀ró ní, "Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ẹnu ọ̀nà mi o!"

Ikán ní, "Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ó rí i níbẹ̀. Màá kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, màá fa òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Oòrùn àárọ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, òjò ò ní kan ògiri." Ó wá rọra sún mọ́ ọn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè díẹ̀, kí n wo ibi tí ògiri á ti máa bá a."

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ sókè. Ikán wọ̀n ọ́n. Ó wó ilé ńlá tó kọ́, ó fi amọ̀ rẹ̀ kọ́ kékeré tó tẹ̀lé òwú Alántakùn.

"Ìyá, ṣé Ikán ò ní jẹ igi òrùlé yẹn ṣá?"

Ìwọ tó o jẹ ẹran inú ìkòkò lánàá lò ń bèèrè ọ̀rọ̀ Ikán? Ó ti búra, kò ní jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fi koríko bo òrùlé tán ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀, ó tún rọ̀. Ògiri dúró.

Ó wá di ọjọ́ kan, Oyèékànmí pẹ́ lóko. Nígbà tó máa dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ju ẹrù sílẹ̀, ó sáré lọ dì í mú. "Ìyá, ẹ rọra, ẹ má ṣubú!"

"Ta ló fẹ́ ṣubú? Fi mí sílẹ̀ jàre. Wọlé."

Ó wọlé. Inú ilé ṣókùnkùn biribiri, ìyá kò tan fìtílà. Kí ló fẹ́ fi fìtílà ṣe? Àpótí gbá Oyèékànmí lójúgun, gbì! Ó ní, "Yéè!" Àwẹ̀ró fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó wá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Máa bọ̀ níbí. Gbẹ́sẹ̀. Ó tó. Jókòó." Ó lọ sídìí ààrò, ó gbé ọbẹ̀ tó gbóná wá, kò dà á sílẹ̀.

Oyèékànmí gbé àwo lé ẹsẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé nínú òkùnkùn yìí, ìyá òun ò lè mọ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Yé sunkún, ọmọ mi. Ọbẹ̀ ń tutù."

Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ yìí ni pé, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kó tó máa wá ayàwòrán tàbí bíríkìlà kiri, kó kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa gbé inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó pe àwọn méjèèjì jókòó, kó má fọ̀kan ṣe ọlọ́gbọ́n kó fọ̀kan ṣe òmùgọ̀. Bó bá sì jẹ́ òbí rẹ lo fẹ́ tọ́jú, má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé, tó kẹ́sẹ̀ lérí, tó ní ó rẹ òun. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi má lè gé orógbó mọ́. Bí n kò bá parọ́, kó dún kà-kà-kà. Ẹ tẹ́tí... Ka! Ka! Ka!

— Ó dún o, Ìyá!