Iwin Tí Ó Fẹ́ Gba Ọrùn Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbé agbè ẹmu yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì gbọ́ ṣe fẹ́ẹ̀ sọ èmi Ọdẹ́gbàmí di olóògbé, nígbà tí eegun mi ṣì le, tí n kò tíì máa bẹ ọ̀pá kí n tó dìde.

Ọ̀sán gangan ni mo wà nínú Igbó Àìfọhùn, mo pa ètu kan, mo gbé e kọ́ èjìká, mo ń kí ara mi kú iṣẹ́, àfi gbàà tí iwin kan gbá mi mú. Èjìkágborí ni wọ́n ń pè é, nítorí orí rẹ̀ jókòó lé èjìká láìsí ọrùn. Bí ó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, gbogbo ara ni ó ń yí. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń wọn ọrùn mi.

"Má bínú o, ọdẹ. Àlejò kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ló là mí lóye. Ó ní ọrùn àti ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Ẹni tí kò bá ní ọrùn kò tíì pé ní ènìyàn. Èmi náà fẹ́ pé."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo lọgun. Àlejò ará Ṣáínà náà fúnra rẹ̀, Bàbá Ṣẹ́n, ló yọ láti ẹ̀yìn igi, pẹ̀lú ife omi gbígbóná tí ó rẹ ewé sí.

"Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́!" ni mo ké sí i.

Ó wo ọ̀bẹ, ó wo ọrùn mi, ó mí kanlẹ̀. "O ṣì mí gbọ́, Èjìkágborí. Ọ̀run ni mo wí, n kò pe ọrùn. Ọ̀run àti ènìyàn ni àwọn àgbà wa ní ọ̀kan ni wọ́n."

"Ó dáa. Níbo ni ọ̀run wà lára ọdẹ yìí, Bàbá? Ẹ fi hàn mí, kí n gé e níbẹ̀."

Bàbá Ṣẹ́n fi ife rẹ̀ tọ́ka sí òkè.

"Òjò ọ̀run wọnú ilẹ̀, ilẹ̀ fi fún iṣu, iṣu wọnú ọdẹ. Afẹ́fẹ́ òkè ni ó ń mí sínú. Inú rere tí ó ń ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ, ibẹ̀ náà ló ti wá. Wá ibi tí ọ̀run parí sí, tí ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí i, gé e."

Iwin gbé ọ̀bẹ sí ikùn mi, ó gbé e sí àyà mi, ó gbé e sí ihò imú mi, kò rí ibi gé. Ó rẹ ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

"Òjò yẹn kan náà ló ń pa èmi náà."

"O ti pé tipẹ́," ni Bàbá Ṣẹ́n wí.

Ó tú mi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí gbogbo ara, ó tẹjú mọ́ èjìká mi. "Ọdẹ, ètu yìí ńkọ́? Níbo ni ìwọ ti rí ibi tí ọ̀run parí sí lára rẹ̀, kí o tó pa á?"

Mo di ètu náà mú ṣinṣin. Mo gbọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má wá ọ̀run lókè nìkan, kí ẹ sì máa fetí sílẹ̀ dáadáa bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, nítorí àṣìgbọ́ a máa mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ní ti ètu náà, ìyàwó mi sè é, ó sì dùn. Mo ṣe ọdẹ fún ọdún púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò tún lè sọ pé n kò mọ ẹni tí mò ń yìnbọn sí.