Bí Òkèbùnmi Ṣe Fi Fìtílà Rúbọ, Tí Ara Rẹ̀ Sì Fúyẹ́

Ilẹ̀-Ṣú-Mo-Sùn-Ilẹ̀-Mọ́-Mo-Jí, awo obìnrin ìsàlẹ̀ odò, òun ni ó dá Ifá fún Òkèbùnmi ní ọjọ́ tí ara di ẹrù fún un, tí ó ń fi omijé wá ìfúyẹ́. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rú u, àti bí kò ti kọ́kọ́ rú u tán.

Òkèbùnmi ni Ìyá Apọnmi ìlú Ìsàlẹ̀-Ọlọ́yẹ́. Oyè ìdílé wọn ni. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Apọnmi yóò pọn omi ìsun tó wà nísàlẹ̀ òkè sínú ìkòkò. Yóò gbé e rù, yóò gun Òkè Ọlọ́yẹ́ dé orí àpáta, yóò sì da omi náà sínú agbada òkúta tó wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ ìkòkò náà kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a dì í mú. Ìyípo mẹ́sàn-án ni ọ̀nà òkè náà ní, gbogbo rẹ̀ ló sì ga. Ìyá tó bí Òkèbùnmi gùn ún fún ọdún mọ́kànlélógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Òkèbùnmi náà gùn ún fún ọdún mẹ́fà. Ọdún keje ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìyípo kẹjọ, orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fẹ̀yìn ti àpáta, ìkòkò fì, ìdajì omi náà sì dà sí i lára. Ó ṣáà dé òkè, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló rí i. Àwọn àgbà pè é sí kọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Òkèbùnmi, a ó fojú fo ti ọdún yìí. Tó bá tún rí báyìí lẹ́ẹ̀mìíì, ìkòkò yóò kúrò nílé yín, yóò bọ́ sí agboolé Olúọdẹ."

Agboolé Olúọdẹ kò sì fi falẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin wọn, Fábùsọ́lá, bí wọ́n ṣe ń ru omi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kí ló ṣe Òkèbùnmi? Ó sanra ni. Ìró tí ó ń ró yí ìdí ká lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, agbára káká ni etí rẹ̀ méjèèjì fi ń kan ara wọn báyìí. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ rẹ̀, kíjìpá rẹ̀ sì lókìkí dé ìlú mẹ́ta. Nígbà tí àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pọ̀, ojúmọ́ kò tó o mọ́. Ó gbé fìtílà ka ẹ̀gbẹ́ òfì, ó ń hun aṣọ títí àkùkọ yóò fi kọ. Ìgbà náà ni yóò tó rẹjú díẹ̀. Kí oorun má baà gbé e lọ, ó gbé igbá àádùn sí ọ̀tún, ó gbé ẹ̀pà sísun sí òsì, ọwọ́ kan ń hun aṣọ, ọwọ́ kejì ń lọ sẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ebi á tún máa pa á bí ẹni tó ti ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta dé. Á jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà, á tún béèrè ìrèké. Bó bá fi máa di ọ̀sán, agbára á ti tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Á jókòó, á máa tòògbé.

Kì í ṣe pé kò wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Ó mu àgbo kíkorò. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé oorun ló ń mú obìnrin tóbi, ó bá tún gé èyí tí ó ń sùn kù. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ara rẹ̀ kò dín. Ojú rẹ̀ ló wú, inú sì ń bí i sí ọkọ àti ọmọ láìnídìí. Ọjọ́ òkè ku oṣù mẹ́rin nígbà tí ó di gèlè, tí ó lọ sísàlẹ̀ odò.

Arúgbó ni ìyá awo yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Bí adìyẹ bá ti ń wọlé, òun náà á ti ilẹ̀kùn. Ọba pàápàá kì í kàn án lẹ́yìn ìgbà náà. Ó gbọ́ ẹjọ́ Òkèbùnmi, ó béèrè lọ́wọ́ Ifá, Ifá sì dáhùn.

"Ifá ní ẹrù kan wà lọ́rùn rẹ tí kì í ṣe ọ̀rá," ni ìyá awo wí.

"Irú ẹrù wo nìyẹn, Ìyá?"

"Oorun tí o kò sùn. Ara tí kò sinmi kì í mọ ìgbà tó yó. Gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀, ńṣe ló ń kó o pamọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìyàn. Ẹyẹlé méjì ni kí o fi rúbọ, àti ẹní tuntun kan, àti fìtílà rẹ. Fìtílà náà yóò wà lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ òkè. Máa jẹun kí oòrùn tó wọ̀, kí o jẹ ìwọ̀n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí o sùn."

Òkèbùnmi dìde dúró. "Mo wá béèrè bí n óò ṣe fúyẹ́, ẹ ní kí n lọ sùn? Ta ni yóò wá hun aṣọ àwọn èèyàn, Ìyá?"

"Ìwọ náà ni. Lójú mọmọ."

Ó gbé ẹyẹlé wá. Ó gbé ẹní wá. Ó gbé fìtílà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń padà lọ sílé, ó yà lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, ó mú fìtílà mìíràn. Ó ní fìtílà ni Ifá béèrè, òun sì ti fi fìtílà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rú irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù kan kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Òkèbùnmi wá ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé Ifá kò gbọ́ tòun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pọn ìdajì ìkòkò omi, ó ní kí òun dán òkè wò. Ó dé ìyípo kẹta, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ní kí òun fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ lábẹ́ igi kan. Kò mọ nǹkan kan mọ́. Ọkọ rẹ̀, Àjàgbé, wá a dé odò, ó wá a dé ọjà, kí ó tó rí i níbẹ̀.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Ṣé kò sí?" Oríkì rẹ̀ ni ó fi ń pè é.

Òkèbùnmi lajú. Oòrùn ti ń wọ̀. "Ibo nìyí?"

"Ìyípo kẹta òkè ni. Láti àárọ̀ la ti ń wá ọ kiri! Gba èyí, kí o jẹun. Ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ kú." Ó na àádùn sí i.

Òkèbùnmi wo àádùn náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbẹ̀.

"Bàbá Ìdòwú, ebi kò pa mí."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo jí gbẹ̀yìn tí ebi kò gbá mi lọ́rùn mú." Ó bú sẹ́kún. "Mo ti tan Ifá jẹ, Bàbá Ìdòwú. Fìtílà kan ṣì wà nílé."

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé fìtílà kejì lọ sísàlẹ̀ odò, ó kúnlẹ̀. Ìyá awo kò bá a wí. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Fìtílà àkọ́kọ́ wà lórí pẹpẹ, àyè òfìfo kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ń retí rẹ̀," ni ó wí.

Kò rọrùn. Bí Òkèbùnmi bá dùbúlẹ̀, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí ẹní bí ẹni pé òfì ló wà níwájú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí ó tó sùn dé òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oorun mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ebi àárọ̀ tó máa ń ya wèrè sí i lára rọlẹ̀. Ẹ̀kọ méjì tó o, ó sì ń gbàgbé àádùn nínú igbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ jókòó mọ́. Ó ń lọ fúnra rẹ̀ sódò, ó ń gun ìyípo kan láàárọ̀, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Òwú kì í já mọ́ ọn lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà aṣọ tí ó ń hun lójú mọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àná. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè é ní Ìyá-bá-adìyẹ-wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹta, ìró rẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀.

Ọjọ́ òkè pé. Gbogbo ìlú tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Fábùsọ́lá dúró sídìí ìsun pẹ̀lú òṣùká tuntun lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti pèsè sílẹ̀. Òkèbùnmi pọn omi, ó kún dé etí. Ó gbé e rù.

Ìyípo kìíní, kejì, kẹta, kò dúró. Ní ìkarùn-ún, òógùn bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ń lọ déédéé. Nígbà tí ó yọ sí ìyípo kẹjọ, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà na ọrùn. Àjàgbé di ojú. Ẹsẹ̀ Òkèbùnmi tẹ ibi tí ó ti fẹ̀yìn ti àpáta lọ́dún tó kọjá, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin! Ẹ gbọ́ o, obìnrin tí kò lè mí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, orin ló ń kọ. Ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìhó bọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó dé orí àpáta, ó da omi sínú agbada òkúta, ó sì dojú ìkòkò délẹ̀ kí gbogbo ayé rí i pé kò sí ẹ̀kán kan tó ṣẹ́kù, kò sì sí èyí tó dà sọ́nà.

Fábùsọ́lá ló kọ́kọ́ gun òkè bá a. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú oríire, Ìyá Apọnmi. Ẹ dákun, kí lẹ lò?"

Òkèbùnmi gbé e dìde, ó ń jó, ó ní:

"Ifá ní n gbé iná sílẹ̀, mo gbé e sílẹ̀;
Ó ní n fẹ̀yìn lélẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀;
Ara tó wúwo sí mi lọ́rùn
Ló ń jó lórí àpáta yìí."

Ó yin awo rẹ̀, awo rẹ̀ yin Ifá. Oyè kò kúrò nílé wọn. Òjò ọdún náà sì rọ̀ dáadáa, iṣu ta, àgbàdo gbó.

Ohun tí Ifá fi kọ́ wa níhìn-ín nìyí. Ẹbọ ààbọ̀ kò gba Òkèbùnmi. Èyí tó rú pé ló gbà á. Ìsinmi tí ó ń gbà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ó dá padà, ara náà sì tú ẹrù tó dì mọ́ra sílẹ̀. Ẹni tí Ifá bá ní kó sùn, kó sùn. Ẹni tí wọ́n bá gbà nímọ̀ràn, kó gbà á tọkàntọkàn. Kí oorun wa máa jẹ́ oorun àlàáfíà, kí ara wa fúyẹ́ bá wa gun gbogbo òkè tó bá wà níwájú. Àṣẹ.